Ta Ló Ń Nu Pẹlẹbẹ Keje?

Kò. Kò-kò.

Ìró tó kọ́kọ́ máa ń padà sí Abọ́dúndé létí nìyẹn, bó bá rántí Èkó. Kì í ṣe fèrè ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀yìngbò, kì í ṣe igbe tó máa ń ta láti pápá ìṣeré Sùúrùlérè bí bọ́ọ̀lù bá wọlé. Ìró igi lára irin ni. Ẹ̀ẹ̀kan, á sinmi díẹ̀, á wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Ní ìlú òtútù tó darúgbó sí, páìpù omi gbígbóná ara ògiri máa ń kàn bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn. Bó bá ti kàn, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí ife tíì. Ó mọ̀ dájú pé páìpù ni. Síbẹ̀, yóò fi eegun ìka kan ògiri lẹ́ẹ̀kan péré, nítorí ẹnì kan ti kọ́ ọ nígbà kan pé a kì í gbọ́ ìró yẹn ká má dá a lóhùn.

Ẹni tó kọ́ ọ ni Fàsásì, ọkùnrin kan tó ń kun lọ́rì ní Muṣin.

Ìparí ọdún 1975 ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì kún ẹnu òkun Èkó bí eṣinṣin ṣe ń kún etí agbọ̀n ẹja. Ọkọ̀ tó ti dé láti ìgbà òjò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ dé. Wọn kò rí ibi já ẹrù sí, wọ́n sì ń jó epo lójoojúmọ́ lórí ìdúró. Bí afẹ́fẹ́ bá yí sí òkè, èéfín wọn á dé Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, obìnrin tó sá aṣọ funfun á sì ká a wọlé ní dúdú-dúdú. Inú omi ni àwọn ọkọ̀ náà dúró sí, ìdí wọn sì ń hu irùngbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n yìí gan-an ni iṣẹ́ Abọ́dúndé. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí kékeré kan ní Yába, lábẹ́ Dókítà Ambrose. Ilé ìwádìí náà àti òmíràn lókè òkun jọ da ọwọ́ pọ̀ lórí ohun kan ṣoṣo: báwo ni ọkọ̀ òkun yóò ṣe máa jẹ epo tó kéré, tí yóò sì máa tu èéfín tó kéré? Bí ọkọ̀ bá pẹ́ nínú omi, ìkarahun wẹ́wẹ́ tó le bí òkúta á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, ewéko omi á hù lé e. Ìdí tó ti di gbágun-gbàgun kì í gé omi mọ́, ńṣe ló ń wọ́ ọ. Ẹ́ńjìnnì á máa mí hẹlẹ bí ẹni gbé àpò ìrẹsì gun òkè. Nítorí náà ni àwọn tọ̀hún ṣe ń wá ọ̀dà tí nǹkan kan kò ní lè hù lé lórí. Ṣùgbọ́n omi tiwọn tutù, nǹkan kì í yá hù níbẹ̀. Omi Èkó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó ń gba ọdún kan lọ́dọ̀ wọn, oṣù méjì ló ń gbà lọ́dọ̀ wa, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ òkun bá wọ inú ọ̀sà. Hansen, olórí wọn, fi ọ̀dà oríṣi méjìlá ránṣẹ́ sí Dókítà Ambrose. Wọ́n fi kun pẹlẹbẹ irin méjìlá tó tóbi tó tírè oúnjẹ, wọ́n fi wáyà so wọ́n kọ́ sábẹ́ afárá pákó àtijọ́ kan lẹ́yìn Òtò, ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé láti Ọ̀yìngbò. Gbogbo ọjọ́ Ajé, wọ́n á fà wọ́n sókè, wọ́n á wọ̀n wọ́n, wọ́n á ka ìkarahun ara wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá wọn padà.

Ìwádìí bí èyí, bí ọ̀dà bá nípọn níbì kan tó fẹ́lẹ́ níbòmíràn, ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí Dókítà Ambrose fi lọ wá Fàsásì dé Muṣin. Ọwọ́ ọkùnrin náà kì í gbọ̀n. Ó ti tó ẹni àádọ́ta ọdún, ó gùn, ó tẹ̀ díẹ̀ bí igi àgbọn etí omi, ojú fìlà rẹ̀ kì í sì í kúrò ní ìlà. Òun ló kun pẹlẹbẹ méjèèjìlá, òun ló kọ nọ́ńbà sí etí wọn, òun náà ló sì máa ń wá ràn Abọ́dúndé lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ajé láti fà wọ́n sókè.

"Alákọ̀wé," á ní, "èló lo kà dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n gbọ́ràn. Igba ó lé mẹ́rìnlá ni mo wà."

"Gbogbo ọdún tó o fi jókòó ní iléèwé gíga, ìkarahun lo lọ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà?"

"Ẹ ti mú kí n gbàgbé báyìí!"

"Tún un kà látìbẹ̀rẹ̀. Òkun ò ní sá lọ."

Ẹ̀fẹ̀ kò jìnnà sí i lẹ́nu. Ibi kan ṣoṣo ló ti máa ń dákẹ́. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ pẹlẹbẹ keje, á fi èèkù búrọ́ọ̀ṣì kan wáyà rẹ̀ ná: kò, kò-kò. Á tẹ etí sí wáyà náà, ojú rẹ̀ á sì ṣe bí ojú ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn. Ìgbà yẹn ni yóò tó fà á.

Abọ́dúndé bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń kàn.

"Akàn ni mo ń lé."

"Ṣé akàn kì í gun mọ́kànlá tó kù ni?"

Fàsásì ń fa wáyà, kò wo ojú rẹ̀. "Akàn tibí ló ní etí," ló wí.

Nígbà tí oṣù Kìíní ọdún 1976 fi ń parí, ojú pẹlẹbẹ kẹta ti dà bí ojú ẹni tí ìgbóná mú, ìkarahun kún un fọ́fọ́. Pẹlẹbẹ kẹsàn-án ti hu ewéko tó gùn bí irùngbọ̀n òbúkọ. Kò sí èyí tó bọ́, àfi keje. Keje ń dán bí àtẹ́lẹwọ́ ìkókó. Abọ́dúndé ń kọ oódo, ó ń kọ oódo, títí tí Dókítà Ambrose fi wá wò ó fúnra rẹ̀, tó tẹ́ áńkáṣífù sórí pákó kí ó tó kúnlẹ̀. Ó fi ọ̀pá ìtọ́ka tẹ ojú irin náà. Ó ní, "Abọ́dúndé, ohun tí wọ́n ti ń wá kiri láti ogún ọdún nìyí."

Wọ́n kọ̀wé sókè òkun. Kí èsì tó dé, ibà apọ́njú dá Fàsásì dúbúlẹ̀, Abọ́dúndé sì di ẹni tó ń dá lọ sí afárá.

Ọjọ́ Ajé kìíní tó dá lọ, nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni. Ọyẹ́ bo ojú omi, kò rí Ìdó, kò rí Èkó lódìkejì, èéfín àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì sì wà nínú ọyẹ́ náà bí òógùn nínú aṣọ. Ó fa mẹ́fà àkọ́kọ́, ó kà wọ́n. Ó di wáyà keje mú.

Kò. Kò-kò.

Láti inú omi ni. Ó gba inú wáyà wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kó tó dé etí rẹ̀. Ó wo òpó afárá bóyá irin ló ń gbá a. Omi náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí epo inú àwo. Kò sí ọkọ̀ kankan tó kọjá. Ó dúró. Ó tún kàn: ẹ̀ẹ̀kan, ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì. Ìsinmi náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ti ẹni tó ń retí.

Ó fa irin náà sókè kíá. Ó mọ́ tónítóní. Ó kọ oódo, ó jù ú padà, ó sì fi márùn-ún tó kù sílẹ̀ láìkà títí di ọ̀sán.

Dókítà Ambrose rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́. "Ẹdé ni. Oríṣi ẹdé kan wà tó máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ta bí ìbọn. Àwọn atukọ̀ máa ń gbọ́ ọ lábẹ́ ibùsùn wọn. Inú omi kò dákẹ́ rí, ọmọ mi."

Abọ́dúndé gbà bẹ́ẹ̀. Ẹdé náà tún ta ní ọjọ́ Ajé kejì, ó ta ní ẹ̀kẹta, ó ta ní ẹ̀kẹrin. Ìgbà gbogbo, wáyà keje nìkan. Ìgbà gbogbo, mẹ́ta, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. Tó bá gbé irin náà jáde, yóò mọ́, omi yóò sì máa ro lára rẹ̀ bí ara ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán.

Lẹ́tà Hansen dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Ayọ̀ kún inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ti gbà láti fi ọ̀dà keje kun odindi ọkọ̀ òkun kan nígbà tí wọ́n bá gbé e sórí ilẹ̀ fún àtúnṣe ní ìparí oṣù Kẹrin. Kí wọ́n kan àpótí fún pẹlẹbẹ keje. Kí Abọ́dúndé fúnra rẹ̀ gbé e wá, àyè ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta sì ti wà fún un níbẹ̀. Àràmídé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìpọ̀nrí, ka lẹ́tà náà fún gbogbo ojúlé tó wà ní agboolé, ó sì lọ wá kóòtù òtútù ra lọ́jọ́ náà gan-an.

Abọ́dúndé rò ó pé ẹni tó kun irin náà yẹ kó gbọ́. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn iṣẹ́, ó lọ sí Ìdí-Òrò ní Muṣin, ó ń bi àwọn èèyàn léèrè ilé Fàsásì tó ń kun lọ́rì.

"Fàsásì wo?" obìnrin kan tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà bi í. "Àbí Bàbá Làbákẹ́ lò ń wí? Wọlé, yàrá tó kángun ni. Bàbá Làbákẹ́! Ẹ ní àlejò o!"

Fàsásì wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo pupa, ó ti rù. Ìyàwó rẹ̀, Àmúdàtù, gbé àpótí ìjókòó fún àlejò.

"Ìwọ ni alákọ̀wé tó ń ka ìkarahun," ló wí. "Wọ́n ní bó o bá ka mẹ́ta, wàá tún mẹ́ta náà kà."

"Ẹ̀gbọ́n ń bà mí lórúkọ jẹ́ délé ni?" Abọ́dúndé rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́ bá gbogbo ilé ṣeré. "Làbákẹ́ náà ńkọ́? Iléèwé ló lọ?"

Àmúdàtù mú ìdérí ìkòkò, ó dé e, ó ṣí i, ó tún dé e.

"Làbákẹ́ wà nínú omi," ló wí.

Rédíò ń sọ̀rọ̀ ní yàrá kejì. 

Fàsásì ló ṣàlàyé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó bá àbúrò ìyá rẹ̀ lọ ra ẹja ní Òtò, ó sáré lórí afárá pákó, pákó kan yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Àwọn apẹja mòòkùn sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Wọn kò rí i.

"O mọ̀ pé bí àárọ̀ Jímọ̀ bá mọ́," ni Fàsásì wí, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "gbogbo ẹni tó ní òkú ní ìtẹ́ Àtàn máa lọ fa koríko ojú oórì wọn, wọ́n máa ṣe àdúà. Èmi ò ní ibi tí mo máa lọ. Mo máa jókòó sínú ilé bí aláìlóhun-ún-ṣe. Ọ̀gá yín wá gbé iṣẹ́ wá, ó ní kí n kun irin tí wọ́n máa gbé sínú omi. Mo ní níbo? Ó ní ní Òtò. Ní Òtò náà, Alákọ̀wé! Lórí afárá yẹn kan náà! Ta ló rán an sí mi? Mo fi ọ̀dà ìsàlẹ̀ kọ orúkọ ọmọ mi sára keje kó wú síta díẹ̀, mo wá fi ọ̀dà tiyín bò ó. Láti ọjọ́ yẹn, bí Jímọ̀ bá mọ́, mo ti ní ibi tí mo ń lọ."

"Ẹ̀gbọ́n," Abọ́dúndé wí jẹ́jẹ́, "kí lẹ máa ń lọ ṣe níbẹ̀?"

"Kí là ń ṣe lójú oórì? Mo máa ń ro ó. Mo máa fà á sókè, mo máa fi kànrìnkàn nù ún. Ìkarahun yẹn kò tíì le láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó dà bí ìrì, ọwọ́ lásán ń mú un kúrò. Ṣé kí n máa wò ó kí nǹkan hù bo ọmọ mi lójú?"

Ohun tí Abọ́dúndé kọ́kọ́ rí ni odindi ọkọ̀ òkun, pẹ̀lú ọ̀dà tí kò ṣiṣẹ́ ní ìdí rẹ̀, tó ń wọ́ irùngbọ̀n rẹ̀ káàkiri ayé tó ń tu èéfín. Ohun tó tún rí ni kóòtù tí Àràmídé so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí o. Ẹ pa mí!"

"Mo mọ̀. Kó o tó wọlé yìí, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí n kò débẹ̀. Ó ti máa kún."

Ìgbà náà ni Abọ́dúndé gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà sọ. Ó gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ rán ẹnì kan?"

"Ta ni n óò rán? Ìyá rẹ̀ kò lè wo omi inú kòtò, ká má tíì sọ ti ọ̀sà."

"Mo fà á sókè lánàá," Abọ́dúndé wí. "Ó mọ́."

Àmúdàtù gbé ọwọ́ kúrò lórí ìkòkò. Abọ́dúndé wá sọ èyí tó kù: ìró náà, ọjọ́ Ajé márùn-ún, mẹ́ta-mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ wá.

Fàsásì fi ìgúnpá gbé ara rẹ̀ sókè. "O dá a lóhùn?"

"Ẹdé ni Dókítà sọ pé—"

"O dá a lóhùn, àbí o kò dá a lóhùn?"

"N kò dá a lóhùn."

"Háà." Ọkùnrin náà tún dùbúlẹ̀. "Bó ṣe máa ń kàn án nìyẹn. Bó bá gbé oúnjẹ wá fún mi ní ìsọ̀, tí mo wà lábẹ́ lọ́rì, á kan ara ọkọ̀: kò, kò-kò. Èmi á kàn án lẹ́ẹ̀kan láti ìsàlẹ̀ kó mọ̀ pé mo gbọ́. Tí n kò bá dáhùn, á máa kàn án ni, kò ní lọ. Báyìí, òun ló wà nísàlẹ̀." Ó pa ojú dé. "Ẹ̀ẹ̀kan la fi ń dá a lóhùn, Alákọ̀wé. Má tún fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó máa kan ilẹ̀kùn."

Ní ọjọ́ kejì, Abọ́dúndé ro ẹjọ́ fún Dókítà Ambrose, ó sọ ti kànrìnkàn, ó sì fi ti ìró pamọ́. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọkùnrin yẹn kò kúrò lórí ẹní, o ní irin náà mọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́nì kankan sà."

"Ọ̀dà wa ṣiṣẹ́ nìyẹn! Ọkùnrin náà kàn ń nu ohun tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni. Lọ múra ìrìn àjò rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Abọ́dúndé, ó sì fẹ́ gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ rí i dájú. Ọ̀dà keje ṣì kù nínú agolo. Ó ní kí àwọn kun pẹlẹbẹ tuntun kan, kí àwọn so ó kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dókítà ní tí kì í bá ṣe ọwọ́ Fàsásì ló kùn ún, òun kò ní kà á sí. Abọ́dúndé tún padà sí Muṣin.

Fàsásì kò bi í ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó mọ̀ ọ́n. Ó di ògiri mú, ó jókòó sójú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, Àmúdàtù dì í mú léjìká láti ẹ̀yìn, ó sì kun irin náà láti etí dé etí láìsí àbùkù kan.

"Èyí kò ní orúkọ," ló wí nígbà tó parí. "Irin lásán ni. Lọ wò ó bóyá ẹnì kan máa bá ọ tọ́jú rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Abọ́dúndé fà á sókè. Ìkarahun bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí àwọ̀ ọ̀dà náà mọ́. Bí ìwọ̀n ọwọ́ kan sí i ni wáyà keje wà, omi ń ṣàn láàárín wọn. Ó fà á. Ó mọ́ bí dígí.

Ó gbé èyí tó kún lọ sí orí tábìlì Dókítà Ambrose, omi rẹ̀ sì ń ro sórí ìwé. Àpótí tí gbẹ́nàgbẹ́nà kàn ti wà ní igun yàrá náà, wọ́n ti kọ àdírẹ́sì Hansen sí i lára.

"Ọ̀kan mọ́, ọ̀kan kò mọ́," Dókítà wí. "O fẹ́ kí n kọ̀wé pé kí wọ́n má kun ọkọ̀ mọ́. Kí ni kí n ní ó ń mú keje mọ́? Kí n kọ ọ́ fún àwọn èèyàn yẹn pé òkú ọmọ ló ń nù ún?"

"Rárá sà. Ẹ kọ ọ́ pé kì í ṣe ọ̀dà, àti pé a kò mọ̀ ọ́n."

"'A kò mọ̀ ọ́n.' Gbogbo iṣẹ́ yìí, ká wá kọ 'a kò mọ̀ ọ́n.'" Kò bínú. Àárẹ̀ ló wà lójú rẹ̀. "Lọ gbé irin náà wá, Abọ́dúndé. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ."

Ọjọ́rú ni, ní nǹkan bí aago méjìlá. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n èéfín sọ ọ́ di ẹyọ owó bàbà. Abọ́dúndé bá Fàsásì lórí afárá, ó fi ọ̀pá igi tilẹ̀, Àmúdàtù dúró sí ibi tí ilẹ̀ parí sí, ó kẹ̀yìn sí omi. Wọ́n ti gbọ́ nípa àpótí náà.

"N kò wá bá ọ jà," Fàsásì wí. "Iṣẹ́ ìjọba ni, irin ìjọba ni. Jẹ́ kí n sọ fún un ná ni. A kì í gbé ọmọ lọ ìrìn àjò láìsọ fún un."

Ó di wáyà mú. Ó tẹ ẹnu sí i bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú tẹlifóònù. "Làbákẹ́. Ọmọ mi. Ìlú òtútù ni wọ́n ń gbé ọ lọ. Alákọ̀wé máa wà pẹ̀lú rẹ. Má bẹ̀rù o. Ẹni tó bá kàn, dá a lóhùn." Lẹ́yìn náà, ó fi í sílẹ̀ fún Abọ́dúndé, ó sì yí ojú kúrò.

Abọ́dúndé fà á. Lọ́tẹ̀ yìí kò yára. Ó gbé e lé orúnkún, ó fi ìka tọ ojú rẹ̀, ó sì kan ohun tó ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé ipa búrọ́ọ̀ṣì ni: L, A tẹ̀ lé e, B tẹ̀ lé e, títí dé òpin orúkọ náà. Ó yí i padà láti wo ẹ̀yìn. Nítòsí etí rẹ̀, níbi tí èérí omi ṣẹ́kù fẹ́ẹ́rẹ́, ipa ìka mẹ́rin wà níbẹ̀, wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ìgbà tí ẹni tó ń nu nǹkan fi ọwọ́ kejì dì í mú. Abọ́dúndé gbé ìka tirẹ̀ lé wọn. Ìka rẹ̀ tóbi jù.

Kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó rọra sọ irin náà padà sínú omi, wáyà ń yọ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi dúró.

"Alákọ̀wé?" Fàsásì wí.

Wọ́n gbọ́ ọ, àwọn méjèèjì. Kò. Kò-kò.

Abọ́dúndé gba ọ̀pá igi lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì kan afárá lẹ́ẹ̀kan.

Omi dákẹ́.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ibẹ̀ dé ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Yába. Ó ronú nípa kóòtù, ó sì ronú nípa Àràmídé, ọ̀pọ̀ ìgbà ló dúró lójú ọ̀nà. Ọdún mẹ́fà ni yóò gbà kó tó tún rí ọ̀nà mìíràn rìnrìn àjò, kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Lójú rẹ̀, ọ̀nà ti dí pátápátá. Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tẹligíráàmù ní Gẹ̀ẹ́sì, ó fi lé akọ̀wé tó jókòó lẹ́yìn irin lọ́wọ́.

"Bọ̀dá, eléyìí gùn fún wáyà o," akọ̀wé náà wí. "Lẹ́tà nìyí. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò. Ẹ yọ ìparí yìí, kò tiẹ̀ yé èèyàn."

"Má yọ nǹkan kan. Tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà."

Akọ̀wé wò ó lójú, ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Ẹ̀YIN HANSEN. Ẹ MÁ FI Ọ̀DÀ KEJE KUN ỌKỌ̀. PẸLẸBẸ MÌÍRÀN TÍ A FI Ọ̀DÀ NÁÀ KÙN KÚN FÚN ÌKARAHUN LÁÀÁRÍN Ọ̀SẸ̀ MẸ́TA. KÌ Í ṢE Ọ̀DÀ LÓ MÚ KEJE MỌ́, ỌWỌ́ NI. BÀBÁ KAN Ń NÙ ÚN NÍ ÀÁRỌ̀ JÍMỌ̀ BÍ OJÚ OÓRÌ ỌMỌ RẸ̀. BÍ Ẹ BÁ FẸ́ KÍ ỌKỌ̀ JẸ EPO DÍẸ̀, Ẹ MÁA NU ÌDÍ RẸ̀ NÍ Ọ̀SỌ̀Ọ̀SẸ̀ KÍ NǸKAN TÓ LE LÓRÍ RẸ̀. Ọ̀SẸ̀ MẸ́JỌ TÍ BÀBÁ NÁÀ KÒ FI LÈ WÁ, IRIN NÁÀ ṢÌ MỌ́. N KÒ MỌ ỌWỌ́ TA NI. N KÒ NÍ GBÉ E WÁ. MO TI DÁ A PADÀ SÍNÚ OMI, MO SÌ TI DÁHÙN.